Ihò Tí Pàkúté Kò Dí

Pàkúté kì í wo kàlẹ́ńdà. Ohun tó bá ń rìn lára ògiri ló fi ń mọ oṣù. Bí èèrà bá ti ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti abẹ́ ilẹ̀kùn wá sí ìdí agolo ṣúgà, á ní òjò àkọ́rọ̀ ti dé nìyẹn, ilẹ̀ ti tutù mọ́ wọn lábẹ́, ibi gbígbẹ ni wọ́n ń wá. Bí èsúnsún bá ń ya bo gílóòbù lẹ́yìn òjò, á gba onílé níyànjú pé kó pa iná ìta, kó sì lọ fi ìka kan férémù ilẹ̀kùn rẹ̀ wò, bóyá ikán ti sọ inú rẹ̀ di òfìfo. Àárín òjò ni ti ẹ̀fọn: ẹ da omi inú táyà àlòkù nù, ẹ kó ewé inú góta, ẹ dorí korobá kodò. Tí òjò bá ń kógbá sílé, aáyán á kó wọ ẹ̀yìn sítóòfù. Ẹ̀rùn ni ti eku, torí pé bí koríko bá gbẹ tí wọ́n sì dáná sun ún, eku náà á máa wá ilé gbé bíi gbogbo wa. Nígbà tí ooru ẹ̀rùn bá wá dé góńgó, ti ìdun ló kù, ẹni tí kò bá sì gbé mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sóòrùn á máa họra níwájú àlejò.

Ó ti tó ọdún márùndínlógójì tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ní ẹ̀rọ ìfọ́noògùn tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó ní àkàbà, ó ní àpò tí pàkúté mẹ́jọ ń ró gbanrangandan nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àmọ́ oògùn àti pàkúté kọ́ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Símẹ́ńtì ni, àti irin wínníwínní tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò. Bó bá ti rí ihò lára ilé ènìyàn, á kọ́kọ́ ki irin náà bọ inú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé eyín eku kì í fẹ́ràn rẹ̀, á wá fi símẹ́ńtì lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Á ní, "Bí ògiri ò bá lanu," oníbàárà á sì bá a parí rẹ̀ pẹ̀lú ìkanra pé, "aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. A ti gbọ́, Pàkúté. O sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá."

Eku ló ṣe alárinà òun àti ìyàwó rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà náà. Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, eku sì ti jẹ apá aṣọ ìyàwó kan ní ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ránṣẹ́ pe Pàkúté. Pàkúté dé, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo igun, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó fa ẹrù, wákàtí kan kọjá, kò rí nǹkan kan. Aránṣọ tó ti ń rán aṣọ rẹ̀ lọ látàárọ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó ní, "Ó wà lẹ́yìn dúrọ́ọ̀ kejì. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ iṣẹ́ ni." Pàkúté fa dúrọ́ọ̀ kejì yọ, eku sì fò jáde. Kí ọdún tó yí po, ó ti fẹ́ ẹ.

Etí obìnrin yìí kì í ṣe etí lásán. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti kọ́ ọ, nítorí pé ó máa ń gbọ́ ohùn òwú tó fẹ́ já kó tó já. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á bá ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ á gbé àkàbà, ìyàwó á mú ife gíláàsì kan dání. Á dojú ife náà kọ ògiri, á fi etí lé ìdí rẹ̀, á sì gbé ọwọ́ kan sókè. Gbogbo ilé á pa rọ́rọ́, onílé á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni á tọ́ka, á ní, "Níbẹ̀." Kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pàkúté á yọ pákó àjà kan ṣoṣo, ibẹ̀ gan-an ni eku náà á wà. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ń fọ́ àjà àwọn ènìyàn kiri bí ẹni ń wúṣu, àwọn méjèèjì kì í fọ́ ohun kan.

Ìgbà tó yá, àkọ́bí wọn obìnrin bímọ ní ìlú tó jìnnà, ìyàwó Pàkúté sì di ẹrù rẹ̀ láti lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ó ní oṣù mẹ́ta péré ni. Aṣọ kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ní yàrá ìránṣọ tó ní nílé lọ́jọ́ tó ń lọ, aṣọ aláwọ̀ ewé tó ń rán fún ara rẹ̀. Ó ti fi apá kan sí i, apá kejì ò tíì sí. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Tí mo bá dé, màá parí ẹ̀." Òjò àkọ́rọ̀ ni, èèrà ń tò lára ògiri ìdíkọ̀ nígbà tó wọkọ̀.

Oṣù mẹ́ta bí oṣù mẹ́sàn-án. Ọmọbìnrin wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, ta ni á wá gbé ọmọ dání? Oṣù mẹ́sàn-án náà kò tíì pé tán tí oyún mìíràn fi dé. Pàkúté kò ráhùn. Irú bàbá àgbà wo ni á ní kí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ òun sílẹ̀ kí wọ́n wá máa gbọ́ eku lára ògiri? Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti sọ lórí fóònù pé ó máa pẹ́ díẹ̀ sí i, á ní, "Kò burú. Ẹ máa tọ́jú ọmọ." Bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, á jókòó síbẹ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de ẹnì kan.

Àárò obìnrin náà sì ń sọ ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ń sọ ọ́ débi pé bó bá fẹ́ po tíì láàárọ̀, ife méjì ló máa ń gbé sórí tábìlì, á tún wá dá ọ̀kan padà. Ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ààlà tí ẹnikẹ́ni kò pa. Ó gbìyànjú láti máa lo ife gíláàsì náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ohun tó ń gbọ́ kò ju ẹ̀jẹ̀ tó ń lù kìkì nínú etí rẹ̀ lọ. Ó fọ́ àjà ẹnì kan níbi mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Onílé náà ní, "Màdámú ńkọ́?" Pàkúté ní, "Ó ń bọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà máa ń gùn. Pàkúté á ròyìn ọ̀sẹ̀ fún un: ikán tó jẹ férémù nílé ẹni báyìí, ìdun tó wà nínú gbogbo bẹ́ẹ̀dì ilé ìgbàlejò kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní gbajúmọ̀. Ìyàwó á rẹ́rìn-ín, á bi í bó ṣe ṣe é. Nígbà tí ọmọ kejì dé, ọ̀rọ̀ kúrú. Ọ̀kan á máa sunkún, èkejì á ti da omi sílẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ ti jẹun? Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tètè gbé ọmọ yìí." Lọ́jọ́ kan, Pàkúté ò tíì bèèrè àlàáfíà àbúrò tán, ẹ̀gbọ́n ti gba fóònù náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹ̀rùn ọdún kejì ni eku wọ inú ilé Pàkúté. Ó gbọ́ ọ lórí àjà ní ọjọ́ Àìkú kan bó ti ń dúró kí wọ́n gbé fóònù lọ́hùn-ún. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, àfi bó ṣe sọ pé, "Nǹkan kan ń rìn lórí àjà wa."

Ohùn ìyàwó rẹ̀ yí padà. "Níbo?"

"N ò mọ̀."

"Ẹ gun àkàbà. Ẹ gbé fóònù náà mọ́ àjà. Ẹ má sọ̀rọ̀ o."

Pàkúté gun àkàbà. Ó fi fóònù mọ́ pákó, ó sì fi etí tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ní kí ọmọbìnrin wọn kó àwọn ọmọ lọ sí pálọ̀, ó gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe bó ṣe ń mí. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ sún un sọ́wọ́ òsì. Díẹ̀ sí i. Ẹ dúró." Ó tún dákẹ́. "Níbẹ̀."

Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni Pàkúté ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gbẹ̀yìn. Wọ́n lo ààbọ̀ wákàtí lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ọmọ kan ò sì dá wọn lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó rí ibi tí eku náà gbà wọlé. Òkè fèrèsé ilé ìdáná ni, níbi tí pákó ti sún kúrò lára ògiri. Ihò náà kò ju ẹyin adìẹ lọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni fún un. Ó po símẹ́ńtì sínú agolo, ó fa irin wínníwínní ya, ó gbé àkàbà ti ògiri, ó sì gòkè. Ìgbà tó dé òkè tán ló wá ń ro ti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bí òun bá dí ihò yìí, kí ni òun máa sọ fún un? Ó rọra sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun á dí i lọ́la. Símẹ́ńtì náà gan mọ́ inú agolo níbi tó gbé e sí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa dájọ́ fún ènìyàn, ó yá, ẹ dá a. Ọkùnrin tó ń dí ihò ilé onílé fi ti ilé tirẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sì mọ̀ ọ́n mọ̀. Ó dẹ pàkúté kan sórí àjà láìfi ohunkóhun sẹ́nu rẹ̀, kó bàa lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti dẹ pàkúté. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló ń gun àkàbà. Ìyàwó rẹ̀ sọ eku náà ní Àyálégbé. Á ní, "Ṣé Àyálégbé wà nílé?" Pàkúté á ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá dákẹ́ pọ̀, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì ni Pàkúté fi ń gbé ọ̀sẹ̀ tó kù.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé kejì ló kọ́kọ́ fura. Ó ń fọ ẹnu níta láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí eku tó ń sáré lórí wáyà iná, tó sì wọ òkè fèrèsé Pàkúté láìkan ilẹ̀kùn.

"Pàkúté!"

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà."

"Èkúté kan wọlé rẹ báyìí. Tọ̀yàyà-tọ̀yàyà ló wọlé. Ṣé ó wá gbé iṣẹ́ fún ẹ ni?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Tíṣà. Màá rí sí i."

"Ìwọ tó o ní kí n gé igi máńgòrò mi torí pé ẹ̀ka ẹ̀ kan páànù? Mo gé e, mi ò jẹ máńgòrò lọ́dún yìí. Ìwọ wá ń gba èkúté lálejò." Tíṣà tu omi ẹnu rẹ̀ dà sílẹ̀. "Pàkúté, ṣé kò sí nǹkan?"

Pàkúté ní kò sí nǹkan. Òjò tún dé. Èèrà ń tò, èsúnsún fò, ẹ̀fọn pọ̀, ó sì ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì. Ibi gbogbo tó bá dé, bó bá ti ní "bí ògiri ò bá lanu," ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, oníbàárà nìkan ló máa ń dá parí rẹ̀. Lórí àjà tirẹ̀, Àyálégbé kò dá gbé mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní òun gbọ́ ẹsẹ̀ méjì tó yàtọ̀ síra, lẹ́yìn náà ó ní ó ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò ń kógbá sílé, iṣẹ́ aáyán gba gbogbo àkókò rẹ̀, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko láìṣí yàrá ìránṣọ. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kó má ṣí fèrèsé ibẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, kó sì nu eruku orí ẹ̀rọ, àmọ́ kì í fọwọ́ kan aṣọ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́rú kan, ó ṣílẹ̀kùn. Aṣọ aláwọ̀ ewé náà ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ nìkan ló kù, àti ibi tí abẹ́rẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Apá kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ fi sí i ti lọ. Òwú aláwọ̀ ewé wà nílẹ̀, ó wà lára ògiri, ó gba ibẹ̀ lọ sókè àjà. Pàkúté gbé àkàbà, ó yọ pákó kan. Wọ́n ti ya aṣọ náà wínníwínní, wọ́n ti fi ṣe ibùsùn róbótó, ọmọ eku mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀, pupa, tí ojú wọn ò tíì là.

Ó jókòó sórí àkàbà, ó sì sunkún. Kì í ṣe nítorí pé aṣọ bàjẹ́. Nínú gbogbo ilé náà, aṣọ yẹn nìkan ló ṣì ń sọ pé ẹni tó lọ yẹn ń padà bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí eku wọlé wá jẹ ẹ́.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ṣe ohun tí ì bá ti ṣe lọ́jọ́ kìíní. Ó kó ibùsùn náà sínú páálí, tọmọtọmọ, ó gbé e lọ sẹ́yìn odi níbi tí koríko wà, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láti pa wọ́n lọ́jọ́ náà. Ó fi oúnjẹ sẹ́nu pàkúté mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Láàárín wákàtí mélòó kan, àwọn tó wà lórí àjà ti kó sí i, kò sí ohun tó ń rìn níbẹ̀ mọ́. Ó wá ki irin bọ ihò náà, ó fi símẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ pa. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kò fọ ọwọ́ rẹ̀ tó fi pe ìyàwó rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú.

Kíá ni ìyẹn gbé e. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọjọ́rú lòní. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Aránṣọ, eku ti jẹ aṣọ rẹ."

"Aṣọ wo?"

"Èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Aṣọ yẹn? Bàbá wọn, ṣé aṣọ yẹn tún lè gbà mí ni? Àjẹkù àwọn ọmọ yìí ti sọ mí di àgbá. Ẹ jẹ́ kí eku máa wọ̀ ọ́."

Pàkúté kò rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ihò kan wà lókè fèrèsé ilé ìdáná, ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án. Mo rí i, mi ò dí i. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tá a kọ́kọ́ gbọ́ Àyálégbé ni mo ti rí i."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Atẹ́gùn máa ń súfèé níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti ń gbọ́ ọ lórí fóònù."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Kí ló dé tẹ́ ò dí i?"

Ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ ikán láti òwúrọ̀ dalẹ́ ń họ ìka rẹ̀. Símẹ́ńtì ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló tún sọ̀rọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọdún méjì ààbọ̀ rèé. Ẹ sọ ti èèrà fún mi, ẹ sọ ti ẹ̀fọn, ẹ sọ ti ìdun ilé ìgbàlejò. Ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé kí n máa bọ̀ nílé. Tí mo bá ní mo máa pẹ́, ẹ̀ẹ́ ní kò burú. Ọmọ yín bi mí pé, 'Màmá, ṣé Bàbá ò fẹ́ kẹ́ ẹ padà ni?' Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo rò pé ilé ti mọ́ yín lára láìsí mi. Àwọn ọmọ méjèèjì á máa lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ti rí ẹni tí á máa mú wọn wá sílé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró kẹ́ ẹ pè mí, Bàbá wọn. Eku lẹ ń gbé fún mi gbọ́."

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, Pàkúté kò sì sọ irú ohun tó fẹ́ sọ yìí rí, nítorí pé kò sí ìgbà kankan rí tí obìnrin náà jìnnà sí i.

"Àárò rẹ ń sọ mí," ló wí. "Láti ọjọ́ tó o ti lọ ni. Máa bọ̀ nílé."

Lọ́hùn-ún, ọmọ kan ń ké pe Màmá Àgbà, ó ń ké e léraléra. Màmá Àgbà kò dá a lóhùn. Pàkúté gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ ilẹ̀kùn tó tì, ariwo àwọn ọmọ sì lọ sílẹ̀.

"Ẹ tún un sọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ rọra sọ ọ́. Mo ń gbọ́."